Mo fẹ́ lọ gun òkè àwọn yamabushi ní Japan, Dewa ni àbí Ōmine? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí i

Morẹ́nikẹ́_SE15

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. London ni mò ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, wọ́n sì ti fún mi ní ìsinmi lóṣù August. Ilẹ̀ Japan ni mo fẹ́ lọ, kì í ṣe torí àtiṣe fàájì ní Tokyo o. Òkè ni mo fẹ́ gùn, àwọn òkè táwọn yamabushi máa ń gùn, àwọn tó máa ń wọ funfun látòkè délẹ̀, tí wọ́n á so okùn mọ́rùn, tí wọ́n á máa fọn ìkarahun òkun ńlá bí wọ́n ṣe ń wọnú igbó lọ. Shugendō lorúkọ ẹ̀sìn wọn. Ó pẹ́ tí mo ti ń kà nípa wọn, bí mo bá ti ti iṣẹ́ alẹ́ dé tí oorun ò kùn mí, ohun tí mo máa ń wò nìyẹn, ó sì ti wọ̀ mí lára débi pé mi ò fẹ́ kó jẹ́ inú fídíò nìkan ni màá ti mọ̀ ọ́n.

Ìṣòro mi ni pé àwọn òkè yẹn pọ̀, mi ò mọ èwo ni kí n mú. Ẹnì kan ní kí n lọ sí Ōmine ní agbègbè Nara torí pé ibẹ̀ gan-an ni ìdí ẹ̀sìn náà wà, ẹlòmíì ní obìnrin ò gbọ́dọ̀ débẹ̀, ṣé òótọ́ ni? Ẹlòmíì tún ní Dewa Sanzan, òkè mẹ́ta tó wà ní Yamagata, ló dáa fún ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ ń lọ, wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún, orúnkún wọn kan sì máa ń dùn wọ́n bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀. Àti pé onígbàgbọ́ làwa méjèèjì. Mi ò fẹ́ lọ máa ya fọ́tò kiri níbi táwọn ẹlòmíì ti ń wá Ọlọ́run wọn, mi ò sì mọ̀ bóyá wọ́n máa ní ká ṣe nǹkan tí ọkàn wa ò ní gbà. Ẹni tó bá ti lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe rí fún mi gan-an, ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́.

BabaÌbejì_Sendai

Àǹtí Morẹ́nikẹ́, ẹ kú ìmúra o. Sendai ni mò ń gbé, ọmọ ilẹ̀ ibí niyàwó mi, Yamagata làwọn àna mi ti wá, nítorí náà ọ̀rọ̀ Dewa kì í ṣe ohun tí mo kàn kà.

Dewa ni kẹ́ ẹ lọ. Kẹ́ ẹ sì gùn ún bí wọ́n ṣe ń gùn ún, Haguro lákọ̀ọ́kọ́, Gassan tẹ̀ lé e, Yudono ló gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń wá, wọ́n á ya fọ́tò ilé alájà márùn-ún tó wà nísàlẹ̀ Haguro, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì padà, wọ́n á ní àwọn ti lọ sí Dewa. Ó máa ń dùn mí, torí bí wọ́n ṣe tò ó yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Haguro ni ayé tá a wà nínú ẹ̀ yìí. Gassan ni ikú, òkè àwọn òkú ni. Yudono ni àtúnbí. Aṣọ funfun tẹ́ ẹ rí lọ́rùn wọn yẹn, aṣọ òkú ni, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ti gbà pé òun ti kú, ó ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ sọ́run, á sì tibẹ̀ padà wá. Ẹni tó bá já ìkan sílẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibo ló fẹ́ gbà dé?

Wọ́n ní ọdún 593 ni Ọmọọba Hachiko dá ibẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n pa bàbá ẹ̀, Ọba Sushun, tó sì di dandan kó sá lọ síhà àríwá, wọ́n ní ẹyẹ kannakánná ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ṣáájú ẹ̀ wọ igbó Haguro. Ìtàn àwọn baba wọn nìyẹn. Èyí tó wà lákọsílẹ̀ ni pé akéwì Matsuo Bashō gun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́dún 1689, ẹsẹ̀ ló sì fi rin èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà náà láti Edo tá à ń pè ní Tokyo lónìí.

Haguro ò ga, mítà 414 péré ni, àmọ́ àtẹ̀gùn òkúta 2,446 lẹ máa gùn. Bẹ́ ẹ bá ti kọjá ẹnubodè tí wọ́n ń pè ní Zuishinmon, ilẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ sọ̀ sí, kì í ṣe òkè, ẹ máa kọjá afárá pupa kan lórí odò Haraigawa. Láyé àtijọ́ inú odò yẹn ni wọ́n ti ń wẹ ara wọn mọ́ kí wọ́n tó gòkè. Ẹ máa rí igi sugi kan tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, bàbá àgbà ni wọ́n ń pè é, wọ́n ti so okùn mọ́ ọn nídìí. Àwọn igi sugi mìíì wà lọ́tùn-ún lósì títí dé òkè, wọ́n ga débi pé oòrùn ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀, òkúta ẹsẹ̀ yín á máa yọ̀ torí ewédò tó bò ó. Ní ìdajì ọ̀nà ilé tíì kan wà tí wọ́n ti ń ta mochi, ìrẹsì gígún tí wọ́n fi ìyẹ̀fun sóyà bò, ẹ jókòó jẹ ẹ́ níbẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì, torí gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ Shōnai lẹ máa rí nísàlẹ̀ títí dé òkun.

Lókè, tẹ́ńpìlì ńlá kan wà tó kó àwọn òòṣà òkè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ òrùlé kan, Sanjin Gosaiden. Koríko ni òrùlé ọ̀hún, ó nípọn ju mítà méjì lọ. Ìdí tí wọ́n fi kó wọn pọ̀ ni pé yìnyín máa ń bo Gassan àti Yudono pátápátá nígbà òtútù, èèyàn ò lè débẹ̀, Haguro nìkan ló máa ń ṣí látọdún dọ́dún.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, bọ́ọ̀sì ń gun Haguro dókè, kò di dandan kí wọ́n fi orúnkún yẹn ja àtẹ̀gùn. Gassan lẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀ lé lórí dáadáa.

Akin_Osaka

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti Dewa, ẹ jẹ́ n sọ ti Ōmine torí èmi ti gùn ún. Òótọ́ ni o àǹtí mi, obìnrin ò gbọ́dọ̀ gun òkè Sanjō-ga-take, ìyẹn Ōmine gangan, títí di òní tí mò ń kọ èyí. Bẹ́ ẹ bá gba abúlé Dorogawa dé ìdí òkè, ẹnubodè onígi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí lára, wọ́n tún fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ pé obìnrin ò gbọ́dọ̀ wọlé. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sófin ìjọba kankan tó sọ bẹ́ẹ̀, ọdún 1872 pàápàá nìjọba fagi lé irú òfin yẹn ní gbogbo ibi mímọ́ ilẹ̀ náà, àwọn ti Ōmine ló ṣì dì í mú títí dòní. Ní 2004 tí UNESCO kọ orúkọ àwọn òkè Kii, níbi tí Ōmine wà, sínú ìwé ohun àjogúnbá aráyé, àwọn kan kọ̀wé fẹ̀hónú hàn lórí ẹ̀, síbẹ̀ kò yí padà. Èmi ò fara mọ́ ọn. Mo ní ọmọbìnrin, tó bá bi mí léèrè ìdí tí mo fi lè lọ tóun ò lè lọ, mi ò ní èsì tó dáa fún un. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fi agídí wọbẹ̀, inú àwọn ará abúlé ò ní dùn sí i, ẹ̀yin náà ò sì ní rí àlàáfíà tẹ́ ẹ wá lọ.

Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ nìyí. Ibì kan wà lókè tí wọ́n ń pè ní Nishi no Nozoki, bèbè àpáta ni. Wọ́n á so okùn mọ́ ọ léjìká, wọ́n á dojú ẹ bolẹ̀, wọ́n á tì ẹ́ jáde títí orí àti àyà ẹ á fi wà lófuurufú, àwọn ọkùnrin méjì á di ẹsẹ̀ ẹ mú lẹ́yìn. Ẹ wo ìsàlẹ̀, igbó lẹ máa rí, jìnnà réré. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa pariwo bi ẹ́ ní ìbéèrè, ṣé wàá máa tọ́jú bàbá àti ìyá ẹ? ṣé wàá máa tẹpá mọ́ṣẹ́? Tóhùn ẹ ò bá jáde dáadáa wọ́n á tún tì ẹ́ síwájú díẹ̀ sí i. Mo pariwo pé bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi ní Ìjẹ̀bú ni mò ń rí lójú mi, mi ò tíì pè wọ́n láti bí oṣù kan nígbà yẹn. Mo pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dé agbègbè yẹn, òkè Inamura-ga-take wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mítà 1,726, ó tiẹ̀ ga ju Ōmine tó jẹ́ 1,719 lọ, obìnrin ń gùn ún dáadáa. Àbí kẹ́ ẹ rin ọ̀nà Kumano, ìyẹn ò le tó bẹ́ẹ̀, tọkùnrin tobìnrin ló sì ti ń gbà á látayébáyé.

Arábìnrin_Olúwaṣeun

Ẹ má bínú o, mo fẹ́ sọ tèmi. Bí èèyàn bá jẹ́ ọmọ Ọlọ́run kí ló ń wá lọ sórí òkè tí wọ́n ti ń bọ òòṣà? Orí òkè àdúrà ò ha kún Nàìjíríà? Kí èèyàn ná owó tó tó báyìí, kó lọ tẹrí ba níwájú ohun tí kò mọ̀. Morẹ́nikẹ́ arábìnrin mi, ìfẹ́ ló mú mi sọ̀rọ̀.

Àdùkẹ́_Leeds

Arábìnrin Olúwaṣeun, a gbọ́, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ni lóòótọ́. Inú ìjọ aṣọ funfun ni wọ́n bí mi sí, ọmọ sùtánà ni mí, nígbà tí mo rí àwọn èèyàn tó wọ funfun tí wọ́n bọ́ bàtà sílẹ̀ lórí òkè, ó ṣe mí bí ìgbà tí mo wà nínú àgọ́ ìjọ wa ní Ìbàdàn. Kì í ṣe pé mo sin ohun tí wọ́n ń sìn. Mo lọ bá alufaa wọn kí n tó gòkè, mo sọ pé Kírísítẹ́nì ni mí, ẹni tó ń bá wa túmọ̀ sọ ọ́ fún un, ó ní kò sí wàhálà, ẹni tí ò bá fẹ́ tẹrí ba kó dúró jẹ́ẹ́ kó má dí àwọn yòókù lọ́wọ́. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo gba àdúrà tèmi lọ́kàn mi. Morẹ́nikẹ́, bi ọkàn tìẹ léèrè, òun ló máa sọ fún ẹ, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ẹ pinnu ẹ̀, èmi náà kò gbọ́dọ̀ bá ẹ pinnu ẹ̀.

Ó yẹ ká mọ̀ pé àwọn náà ti jìyà ẹ̀sìn wọn. Látilẹ̀ ni Shugendō ti da ẹ̀sìn Búdà pọ̀ mọ́ Ṣíńtò, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Japan, àti ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún òkè. Nígbà tí ìjọba Meiji dé, wọ́n ní ní 1868 pé kí wọ́n ya Búdà kúrò lára Ṣíńtò, nígbà tó di 1872 wọ́n fòfin de Shugendō pátápátá. Wọ́n wó ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì Búdà ní Haguro. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n tó lè jáde ní gbangba padà. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe sọ ohun ilé wa lórúkọ burúkú rí ò ní ṣàánú wọn tì.

Jẹ́ n sọ ti Gassan. Mítà 1,984 ni. Bọ́ọ̀sì máa gbé yín dé ibi tí wọ́n ń pè ní Hachigome, ibùdó kẹjọ, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta sí òkè. Ilẹ̀ àbàtà tó kún fún òdòdó lẹ máa kọ́kọ́ là kọjá, pákó ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, ó rọrùn. Lẹ́yìn ìyẹn òkúta, òkúta, òkúta. Kùrukùru bò wá mọ́lẹ̀ débi pé ẹni tó wà níwájú mi, aṣọ funfun ẹ̀ ò yàtọ̀ sí kùrukùru mọ́, ìró ṣaworo tó so mọ́ ọ̀pá ẹ̀ nìkan ni mò ń tẹ̀ lé. Yìnyín ṣì wà nílẹ̀ níbì kan, nínú ẹ̀ẹ̀rùn wọn o. Ní téńté òkè, ògiri òkúta ni wọ́n fi yí ojúbọ ká torí atẹ́gùn, kẹ́ ẹ tó wọlé wọ́n á gbàdúrà lé yín lórí, wọ́n á fún yín ní bébà tí wọ́n gé bí èèyàn, ẹ ó fi nu ara yín, ẹ ó sì jù ú sínú omi. Ibi tí mo ti dúró sẹ́yìn díẹ̀ nìyẹn, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè.

Àmọ́ láti Gassan sọ̀ lọ sí Yudono, ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni orúnkún ti ń sunkún. Ọ̀nà náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, àkàbà irin wà tẹ́ ẹ máa fẹ̀yìn sọ̀, lẹ́yìn náà inú omi tó ń ṣàn lórí òkúta gan-an lẹ máa máa tẹ̀ lọ. Ojú ọ̀nà yẹn ò ṣeé bá ẹni tí orúnkún ń dùn ṣeré.

Yudono fúnra ẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Òfin ibẹ̀ ni pé èèyàn kì í sọ ohun tó rí, èèyàn kì í béèrè, a kì í ya fọ́tò, ẹsẹ̀ lásán la sì ń wọ̀ ọ́. Bashō pàápàá kọ̀wé kọ̀wé nígbà tó dé ibẹ̀ ó gbé kálàmù ẹ̀ sílẹ̀. Mo lè sọ pé kò sí tẹ́ńpìlì kankan níbẹ̀, kò sí ilé tí wọ́n kọ́ fún òòṣà. Ó tó.

Morẹ́nikẹ́_SE15

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an. Arábìnrin Olúwaṣeun, mo gbọ́ yín, mi ò bínú rárá, mo ti fi ọ̀rọ̀ yín sínú àdúrà. Àǹtí Àdùkẹ́, ohun tẹ́ ẹ sọ nípa dídúró jẹ́ẹ́ yẹn ló kàn mí jù, ohun tí mo nílò nìyẹn.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé ọ̀nà kankan wà tí ẹ̀gbọ́n mi lè gbà dé Yudono láìgba ojú àkàbà yẹn? Èkejì, mo kà pé àwọn yamabushi máa ń kó èèyàn wọ igbó fún ẹ̀kọ́ lóṣù August, tí wọ́n á gbààwẹ̀, tí wọ́n á jókòó sínú èéfín ata. Ṣé mo lè ṣe ìyẹn?

BabaÌbejì_Sendai

Ọ̀nà wà. Mọ́tò ń dé Yudono, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì àwọn tẹ́ńpìlì láti ẹnubodè ńlá lọ sókè, ìrìn díẹ̀ ló kù. Ohun tí ìdílé ìyàwó mi máa ń ṣe fún àwọn àgbà ni pé àwọn ọ̀dọ́ á gba Gassan, àwọn àgbà á wá fi mọ́tò pàdé wọn ní Yudono. Wọ́n tiẹ̀ lè tẹ̀ lé yín dé Hachigome, kí wọ́n rìn lórí pákó inú àbàtà yẹn, kí wọ́n ṣẹ́rí padà. Níbi tí wọ́n bá ti ń dúró dè yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n yà ní tẹ́ńpìlì Dainichibō, òkú gbígbẹ àlùfáà Búdà kan tó ń jẹ́ Shinnyokai jókòó síbẹ̀ títí dòní, ó ti kú láti 1783. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ èso igbó àti gbòǹgbò nìkan, kò fẹnu kan ọkà, torí àtigba ìyà àwọn tálákà sára, bí wọ́n ṣe gbà gbọ́ nìyẹn. Tí ẹ̀gbọ́n ò bá fẹ́ wo òkú kí wọ́n má wọlé o.

Ní ti ẹ̀kọ́ yẹn, Akinomine lorúkọ ẹ̀, ìparí August ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń gbà tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Èéfín ata gbígbẹ tí wọ́n dà mọ́ èèpo ìrẹsì ni wọ́n ń fín sí yín nínú yàrá tí wọ́n ti pa, ọ̀run àpáàdì nìyẹn dúró fún, ààwẹ̀ dúró fún ebi àwọn òkú, àìwẹ̀ dúró fún ayé ẹranko. Ohunkóhun tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣe, uketamō lẹ máa dáhùn, mo gbà nìyẹn, kò sí pé kí ló dé. Tẹ́ńpìlì Búdà tó wà nísàlẹ̀ máa ń gba obìnrin, ti Ṣíńtò ya ti obìnrin sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n àǹtí mi, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyẹn. Kì í ṣe torí pé ó le. Ẹ̀sìn ni lóòótọ́, kì í ṣe ìrìn àjò afẹ́, ẹ sì ti sọ fún wa ibi tí ọkàn yín dúró sí. Àwọn yamabushi kan ní Tōge, abúlé tó wà nídìí Haguro, máa ń mú àlejò gòkè fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ìyẹn bá yín mu.

Tōge náà ni kẹ́ ẹ sùn, nínú shukubo, ilé tí wọ́n ti ń gba àwọn tó wá gun òkè láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹran àti ẹja ò sí nínú oúnjẹ wọn, ẹ̀fọ́ òkè ni, olú, ọ̀mùnú ọparun, tòfù tí wọ́n fi yánmọtí ṣe. Ó máa yó yín, ẹ má ra búrẹ́dì pa mọ́.

Láti Tokyo ẹ wọ Shinkansen, rélùwéè tó ń sáré gan-an, dé Niigata, ẹ bọ́ sínú rélùwéè Inaho dé Tsuruoka, ìrìn bíi wákàtí mẹ́rin, bọ́ọ̀sì ló kù. Òkè Gassan máa ń ṣí ní July 1 títí di àárín September, nítorí náà August yín wà láàárín dáadáa. Ẹ wo aago bọ́ọ̀sì Hachigome kẹ́ ẹ tó sùn lọ́jọ́ tó ṣáájú, kò pọ̀ lójúmọ́, èyí tó gbẹ̀yìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ mú kóòtù òjò tó dáa, súwẹ́tà, bàtà tó di ọrùn ẹsẹ̀ mú, ẹ sì ra ṣaworo kan sára báàgì torí béárì wà nínú igbó yẹn, tó bá gbọ́ ìró yín á yà fún yín. Ẹ mú owó Yẹ́nì dání, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni kì í gba káàdì. Tó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni ọ̀kan nínú yín ń lò, ẹ bẹ̀rẹ̀ fisa báyìí.

Morẹ́nikẹ́_SE15

Ti Nàìjíríà lẹ̀gbọ́n mi ń lò. Ọjọ́ Ajé la máa lọ gba fọ́ọ̀mù. Ẹ̀gbọ́n Sendai, mo ti fi ìwé ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀, ẹ bá mi wo orúkọ àwọn shukubo tí mo kọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ sọ èyí tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ nínú wọn.